Ẹní Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn

Abọ́ oníke ni mo ń tà lọ́jà Àkúrẹ́, pẹ̀lú báàfù tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Kò sí abiyamọ tó ra báàfù lọ́wọ́ mi tí mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá fajú ro, màá ní kó lọ dá ọmọ náà padà síbi tó ti rà á. Nígbà tó kàn mí, mi ò rí ẹ̀rín rín.

Ọmọ ń mu ọmú dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń sunkún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀. Nígbà míì màá kàn jókòó tì í, màá máa wò ó bí ọjà tí oníbàárà gbàgbé. Ta ni màá sọ fún? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún irú ẹ̀ ládùúgbò wa ní Ìsìkàn: abísínwín. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Oǹdó wá bá wa wẹ ọmọ, sì ti ń sọ pé tó bá rẹ̀ mí jù, àwọn á gbé ọmọ lọ sí Oǹdó kí n lè sinmi. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Létí tèmi, ìdájọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì tó gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló fura. Ó bi mí bóyá mò ń sùn. Mo ní ta ló ń sùn nílé ọlọ́mọ? Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní yógà: ká mí kanlẹ̀, ká kúnlẹ̀, ká tẹ̀ síwájú títí iwájú orí á fi kan ẹní. Ó ní kí n ṣì máa padà wá rí àwọn o, pé yógà nìkan ò tó. Nínú mi mo ní, àwa tí à ń bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ látàárọ̀, kí la tún ń bẹ̀rẹ̀ wá? Àmọ́ bí mo ṣe forí kanlẹ̀, àyà mi rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti bímọ.

Ni mo bá ń ṣe é nílé, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, nígbà tí Màmá bá ń wẹ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n wọlé wá mú òrí, wọ́n bá mi níbi tí mo forí kanlẹ̀. Wọ́n rọra pa ìlẹ̀kùn dé, wọ́n gbọ̀nà ilé Alájà lọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ, tí ilé wa jọ kangun síra. Wọ́n bi Alájà pé ìgbà wo ni wọ́n sọ ìyàwó àwọn di ìmàle. Alájà búra pé àwọn ò mọ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì bá jọ wọlé tọ̀ mí wá, ọmọ lọ́wọ́ Màmá.

Ká má parọ́, inú mi dùn. Ìmàle sàn ju abísínwín lọ. Mo ti fẹ́ jẹ́wọ́ pé mo ti gba ẹ̀sìn nígbà tí Alájà wo ibi tí mo tẹ́ ẹní sí.

“Ìyá ọmọ, kọ́bọ́ọ̀dù lo kọjú sí yìí. O ò sì borí. Èyí kì í ṣe ìrun o.” Wọ́n fọwọ́ kan ẹní. Ó tutù. “Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?”

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

“Màmá, inú mi kì í dùn tí mo bá gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ.”

Màmá gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n so ọ̀já mọ́ ọn.

“Tẹ́ ẹní ẹ dáadáa,” ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà jókòó.

Kò pẹ́ tí àwọn ìyá ìjọ dé láti kí ọlọ́mọ. Mo gbọ́ tí Màmá ní kí wọ́n ní sùúrù, pé mò ń gbàdúrà lọ́wọ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa Alájà. Ó pa èmi náà, níbi tí mo forí mọ́lẹ̀ sí, tójú ń tì mí.

Ìtìjú náà ò tíì kúrò nílẹ̀ títí dòní. Tí oníbàárà bá rí ẹní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, tó bi mí ohun tí mo fi ń ṣe, mo máa ń ní ikùn ni mo fẹ́ kó wọlé.