Bùláńkẹ́ẹ̀tì Bàbá Ìtùnú

Ẹni tó bá mọ Àbíkẹ́, ìyá Ìtùnú, ní Enugu Road ní Kánò, mọ ohun méjì nípa rẹ̀: ó mọ àdúrà gbà, ó sì mọ búrẹ́dì yan. Búrẹ́dì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ki bọ inú tíì. Kéékèèké ni, ó rí róbótó bí ọwọ́ ọmọ tó di ẹ̀ṣẹ́, inú rẹ̀ kún fún ẹja, àlùbọ́sà àti yaji, ata sùyà àwọn Hausa, tó ń ta ènìyàn lẹ́nu bí ìwàásù tó bá ni wí.

Lọ́dún yìí, ẹnu rẹ̀ ló kó o síṣẹ́. Ìyá Ìjọ ní ọyẹ́ yìí ti le jù, ìyẹ̀fun ò ní wú, kí wọ́n kúkú lọ ra búrẹ́dì Ìkórè ní Ọjà Sabon Gari. Àbíkẹ́ dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ẹ má rà á, Mà. Ọlọ́run ti fi hàn mí pé tèmi á wú."

Ọlọ́run kò fi nǹkan kan hàn án. Ó kàn wù ú kó fi hàn án ni.

Láàárọ̀ Sátidé, ó po ìyẹ̀fun, ó da yíìsì sí i, ó gbé abọ́ kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù, ó sì kúnlẹ̀ tì í. Títí di ọ̀sán, ìyẹ̀fun jókòó bí òkúta. Ó ta òróró sí i lórí, kò mira. Ó bá a wí lórúkọ Jésù, kò mira. Ìbéèrè kan tí kì í jẹ́ kó débi ètè rẹ̀ wá yọjú: ṣé ẹnì kan tiẹ̀ ń gbọ́ mi báyìí?

Ìyá Ìjọ dé pẹ̀lú obìnrin méjì láti bá a jagun àdúrà. "Gbogbo ọ̀tá búrẹ́dì, ẹ túká!" Wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ yí pálọ̀ po, abọ́ sì ń dí wọn lọ́nà.

"Bàbá Ìtùnú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé nǹkan yìí kúrò ńlẹ̀," ni Àbíkẹ́ ké.

Wọlé, ọkọ rẹ̀, tí òtútù ti lé sórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀, gbé e wọ yàrá. Kò rí ibòmíràn gbé e sí ju ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lọ. Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn méjèèjì, ó sì sùn padà.

Ohùn àwọn ajagun ti ń há nígbà tí Ìtùnú ké láti yàrá, ní Hausa bí ọmọ Kánò: "Mama, ya tashi!"

Lóòótọ́, ó ti wú. Ó ti kún abọ́ dé etí.

"Halelúyà!" Ìyá Ìjọ fò sókè. "Ọ̀la lo máa jẹ́rìí!"

Bí wọ́n ti lọ tán, Àbíkẹ́ fọwọ́ kan bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó gbóná bí ara ọmọ tuntun.

"Bàbá Ìtùnú, ṣé àdúrà ni, àbí bùláńkẹ́ẹ̀tì?"

"Ta ló dá àgùntàn tí wọ́n fi irun rẹ̀ hun ún?"

"Irun àgùntàn kọ́. Ọ̀rá ni. Ọjà Yankaba ni mo ti rà á."

"Ó dáa. Ta ló dá èmi tí mo gbóná?"

"Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run."

"Mo bẹ̀rù rẹ̀ o. Ìyá Ìjọ ni mi ò bẹ̀rù."

Lọ́jọ́ Àìkú, búrẹ́dì pọ́n dáadáa lórí tábìlì Ìkórè. Àbíkẹ́ di máìkì mú. Tó bá sọ òótọ́, ìran irọ́ rẹ̀ á tú síta. Tí kò bá sọ ọ́, á jẹ́ pé ó tún parọ́ mọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ò fi nǹkan kan hàn mí. A gbàdúrà títí, kò wú. Bàbá Ìtùnú gbé e sùn, ó wú."

Ìyá Ìjọ gba máìkì.

"Ẹ ò gbọ́ ìjìnlẹ̀! Lọ́jọ́rú, kí oníkálùkù mú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá fún ìyàsímímọ́!"

"Àmín!" Ó dún dé títì.

Lọ́jọ́rú, bùláńkẹ́ẹ̀tì kún iwájú pẹpẹ. Ti Àbíkẹ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó wà nílé, ó bo ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀. Àbíkẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n kò pàṣẹ fún un mọ́.

"Olúwa," ló wí, "mi ò mọ̀ bóyá ò ń gbọ́. Tó o bá ń gbọ́, o ṣeun fún ọkọ tó máa ń sùn lọ́sàn-án."