Ìgbálẹ̀ Ìyá Mi àti Owó Orí Ilé Tí Báńkì Gbà

Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà tí báńkì kan ní Kútọnù gba ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Kétu, nítorí owó tí mo yá fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Mo kó lọ sí yàrá kan tí mo háyà. Kò pẹ́, ìwé owó orí ilé náà dé, orúkọ mi ló ṣì wà lára rẹ̀. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn agbowó-orí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Akọ̀wé ibẹ̀ ní, “Ẹ ní ilé kì í ṣe tiyín mọ́, ìyá yín sì ń gbá iwájú rẹ̀ láràárọ̀. Ta ní ń gbálẹ̀ fún báńkì?”

Inú bí mi. Mo lọ bá ìyá mi níwájú ilé náà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ jáwọ́, ìyá. Ìgbálẹ̀ yìí ló ń kó gbèsè bọ̀ mí lọ́rùn.”

Ó na ìgbálẹ̀ sí fèrèsé yàrá tí a sin bàbá mi sí.

“Nígbà tí o ń fọwọ́ sí ìwé báńkì, ṣé o sọ fún wọn pé bàbá rẹ wà nínú ilé?”

Mi ò sọ ọ́. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbá ìyókù, mo sì lọ san owó orí náà.