Ẹ̀fọ́ Màámi Lábẹ́ Kámẹ́rà

Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tí a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti fi kámẹ́rà yẹ ẹ̀fọ́ wò, kí a lè mọ èyí tí oògùn apakòkòrò ṣì wà lára rẹ̀ kí iléeṣẹ́ wa tó rà á. Kámẹ́rà náà ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe ta padà lára ewé la fi ń mọ̀ bóyá nǹkan kan wà lórí rẹ̀. Ooru gílóòbù inú yàrá yẹn pọ̀. Nígbà tí mo bá fi máa délé l'Ágége, ọ̀rọ̀ kì í wù mí í sọ mọ́.

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán kámẹ́rà náà kò lè dá nǹkan kan mọ̀ àfi bí a bá kọ́ ọ. A ní láti fi ewé tí wọ́n fín oògùn sí hàn án, kí a sì tún fi èyí tí oògùn kò kàn rí hàn án. Èyí tí oògùn kò kàn rí yìí ló ṣòro láti rí. Ni mo bá sọ fún ọ̀gá mi pé màámi ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sẹ́yìnkùlé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, wọn kì í rí ilẹ̀ kí wọ́n má gbin nǹkan sí i. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ nínú ẹ̀fọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ń kó ewé wọn lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò yéé ṣe ségesège. Ó ń pe ewé olóògùn ní èyí tó mọ́. A tún iná tò, a pààrọ̀ àwo tí à ń tẹ́ ewé sí, a tún gbogbo iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ̀ wá tẹnutẹnu. Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá mi ní kí a fi ewé màámi ránṣẹ́ sí àwọn aláyẹ̀wò tó máa ń lọ ewé, tí wọ́n ń fi kẹ́míkà yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì dé: oògùn wà lára rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo bá màámi nídìí ẹ̀fọ́.

"Màámi, ṣé ẹ máa ń fín nǹkan sí ẹ̀fọ́ yìí ni?"

"Oògùn kòkòrò ni." Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọjà ni mo ti rà á. Tata fẹ́ jẹ ẹ́ tán."

"Ẹ ń fín in, ẹ sì ń já a?"

"Mo máa ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́."

Mo rọra sọ èsì náà fún wọn. Wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n wo ilé kejì, níbi tí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ti ń sá aṣọ ọmọ.

"Ṣé májèlé ni mo ti ń pín káàkiri?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Màámi."

"Ìwọ kọ́ ló máa sọ ọ́, èmi ni."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n fa gbogbo ẹ̀fọ́ náà tu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀fọ́ tí mo fún yín bá kù, ẹ dà á nù. Mo fín oògùn sí i."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Màmá, èyí tí à ń rà lọ́jà ńkọ́?"

Ìyá ọlọ́mọ tuntun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Ṣé ó máa ń wọnú ọmú?"

Màámi yíjú sí mi. Mo ní mi ò mọ̀, pé kí a jọ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. A lọ, a tò títí ó fi sú wa. Dókítà ní ara ọmọ le. Ìyá ọmọ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ màámi mọ́.

Màámi tún gbin díẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ṣa kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ewé náà kún fún ihò. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, àwọn aláyẹ̀wò ní oògùn kankan kò sí lára rẹ̀, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Inú ọ̀gá mi dùn. Èmi sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tí mo ń lọ.

Mo sọ fún màámi pé ẹ̀fọ́ wọn ti mọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n sì gbé obẹ̀ ẹ̀fọ́ náà kaná fún àwa méjèèjì.