Ọjọ́ tí Mo Tú Pákó Afárá Ọ̀tìn

Èmi ni mo tú pákó lára kọnkéré tí kò tíì gbẹ. Kì í ṣe pé n kò mọ̀, bíríkìlà ni mí. Owú ló tú u, ọwọ́ mi ló kàn yá lò.

Ìgbà náà, òmìnira kò tíì pẹ́ tí a gbà á, a sì ń tún afárá Odò Ọ̀tìn ṣe lójú ọ̀nà Inísà sí Òkúkù. Afárá náà tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn awakọ̀ lọ́rì kì í sì í fẹ́ dúró de ara wọn. Bí èyí bá fi imú gbá apá ọ̀tún, tọ̀hún a fi ìdí gbá apá òsì, títí ògiri kékeré ẹ̀gbẹ́ afárá fi dà bí eyín arúgbó, tí irin inú rẹ̀ yọ síta.

Káfíńtà kan láti Òkúkù ló ń kan pákó tí a ń da kọnkéré sí. Èmi ará Ìkìrun ni mò ń dà á. Ọkùnrin náà a máa jókòó sí etí afárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa fì lókè odò, a tún máa súfèé. Èmi ní tèmi, bí mo bá ti wo omi báyìí, mo ti fà sẹ́yìn. Ìyẹn kò dùn mí tó ti àfẹ́sọ́nà mi.

Ọmọ Inísà ni, ẹbí rẹ̀ sì ti gbà fún ẹbí mi; ìdána ló kù. Òun ló ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá tà fún wa lọ́sàn-án. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, a fa ìborùn bojú, a kúnlẹ̀, a gbé abọ́ sílẹ̀, a sì sá. Bó bá dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ẹ̀rín ni.

“Káfíńtà, tẹ́ ẹ bá jábọ́, ta ni ó jẹ ẹ̀kọ yín?”

“Ìyàwó wa, ìwọ ni ó bẹ́ wá fà mí jáde!”

“Èmi? Ẹja á ti jẹ yín kí n tó tú ìborùn!”

“Ìyàwó wa” yẹn tún ta mí lára. Tiwa pẹ̀lú ta? Bàbá mi a máa wí pé òjòwú kò lẹ́ran láyà. Lóòótọ́, egungun nìkan ló kù sí tèmi.

Fóòmàn ti ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pákó títí òun yóò fi ti Òṣogbo dé, kí a ṣáà máa fi àpò tútù bo kọnkéré. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí a dà á ni ọmọbìnrin yìí nawọ́ sí pákó náà, ó ní, “Káfíńtà, pákó yín ló gbé afárá yìí ró o!”

Mo ní n ó fi hàn án pé kọnkéré mi lè dá dúró. Mo mú òòlù, mo yọ ìṣó, mo tú pákó lójú gbogbo wọn. Kọnkéré náà rò ó díẹ̀, ó tẹríba, ó ya lulẹ̀ sódò. Bí kì í bá ṣe pé káfíńtà gbá ṣòkòtò mi mú lẹ́yìn, èmi náà ì bá tẹ̀ lé e. Ariwo tí mo pa, bóyá ni wọn kò gbọ́ ọ ní Igbaye.

Bí káfíńtà ṣe fà mí padà tán ni mo pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó máa lọ fẹ́ káfíńtà, ṣebí òun ló ń bá rẹ́rìn-ín, èmi ló ń fi aṣọ bojú fún.

A tún ògiri náà dà, n kò sì súnmọ́ ìṣó mọ́. Títí dòní, bí mọ́tò bá gbé èmi àti ìyàwó mi gba ibẹ̀, mo máa ń di ìjókòó mú gírígírí, òun a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Orí afárá yẹn náà, lọ́jọ́ tí mo pariwo mọ́ ọn, ló ti kọ́kọ́ ṣí ìborùn lójú, tó wò mí tààrà, tó ní:

“Bọ̀dá, ṣé ẹni tí n kò ní fẹ́ ni ẹ fẹ́ kí n máa tijú fún?”