Ọjọ́ Tí A Gba Ọpẹ́ Lẹ́nu Arábìnrin Wa

Òórùn búrẹ́dì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ọ̀rọ̀ ìjọ wa àtijọ́ ní Sábó ní Yábà bá jáde. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ti ń jọ́sìn, ilé búrẹ́dì ló wà nísàlẹ̀, àfi bíi pé àwọn oníbúrẹ́dì náà mọ ọjọ́ tí a bá ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òórùn bọ́tà máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa lórí ìkúnlẹ̀. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ni kíláàsì àwọn ọmọdé, ibẹ̀ ni èmi àti arábìnrin kan ti ń kọ́ wọn ní Bíbélì. Tíṣà ni mí lọ́jọ́ iṣẹ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń pariwo. Òun, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Yábà, kì í pariwo rárá. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á so okùn bàtà ọmọ, á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jókòó," ọmọ tó lágídí jù nínú wọn á sì jókòó jẹ́ẹ́. Mo máa ń jowú rẹ̀ díẹ̀, kí n má purọ́.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, oorun dá lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó di ọjọ́ kẹta tí mi ò sùn," ló sọ fún mi. Ó rù, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó wá ń sunkún láìsí ẹni tó bá a jà. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ ìyẹn. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mú un lọ rí dókítà tó ń wo àìsàn ọpọlọ, wọ́n fún un lóògùn tí yóò máa lò láràárọ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ti tún ń pe àwọn ọmọ ní ọ̀gá.

Ẹ mọ bí a ṣe máa ń jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, ó gba maiki, ó dárin, a bá a gbè é, a jó. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún dókítà lọ́gbọ́n, ó ní oògùn tí òun ń lò láràárọ̀ ni Olúwa fi yọ òun. Kò fi ohunkóhun pamọ́, ó sọ irú dókítà tó jẹ́. Háà! "Halelúyà" ló yẹ ká ké, ojú ara wa la ń wò. Ṣebí àwa tí à ń gbé Yábà gan-an, tí àwọn ará Èkó yòókù kàn ń fi orúkọ àdúgbò wa bú ara wọn ní wèrè nítorí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀, ló yẹ ká gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alàgbà tó ń darí ètò gba maiki lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí i kú oríire o. Ohun tó ní ni, "Ẹ na ọwọ́ yín sí arábìnrin wa." Ẹ gbọ́ mi: ẹni tó wá dúpẹ́ ni wọ́n dá dúró níwájú ìjọ, tí wọ́n ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀! Ó dúró síbẹ̀ nínú aṣọ tuntun tó rán fún ìdúpẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Ta ló sì bá wọn na ọwọ́? Èmi náà ni. Mo nà án, mo sì ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá kan ò jẹ́ kí ọmọ wọn wá sí kíláàsì mọ́. Alàgbà pè é, ó ní kó lọ sinmi ná. Bó bá ti lè fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù kan, tí wọ́n rí i pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dúró, wọ́n á dá kíláàsì padà fún un. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Tiwa, ọwọ́ méjèèjì la fi nà án.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, mo bá a lórí àtẹ̀gùn tó ń gbálẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣẹ́ kù fún un. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó tún ti rù.

"Ṣé o ṣì ń lo oògùn ẹ?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé oṣù kan. Mo fẹ́ kí wọ́n dá àwọn ọmọ mi padà fún mi."

Kíláàsì ọmọdé ni wọ́n fi ń dá ẹ̀mí èèyàn lóró! Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó, mo sì gun òkè lọ. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni fún mi láyè ọ̀rọ̀. Alàgbà ti ṣí Bíbélì, ó fẹ́ máa kà.

"Ẹ dákun sà, ẹ bọ́ awò ojú yín."

"Kí ló dé, Tíṣà?"

"Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ fi ìgbàgbọ́ kà á."

Màmá kan tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sáré fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, bíi pé mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Alàgbà ní ti ojú yàtọ̀, ti ọpọlọ yàtọ̀. Mo bi í pé ṣé ẹlòmíràn ló dá ọpọlọ ni. Wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ mí lẹ́wù, pé kí n lọ tọrọ àforíjì. Wọn ò bọ́ awò, wọn ò sì dá kíláàsì padà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo bá a padà lọ rí dókítà, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ padà. Bí a ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí à ń dúró kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, mo ṣì ń bínú, mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbínú náà pọ̀ débi pé mo yíjú sí òun fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ṣebí o lè dúpẹ́ kó o má dárúkọ dókítà. Kí ló dé tó o sọ gbogbo ẹ̀?"

Ó wò mí, ó jọ pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé inú gbogbo yín máa dùn ni."

Ó ka èmi náà mọ́ wọn, kò sì purọ́.

Ara rẹ̀ ti le dáadáa báyìí, ìjọ mìíràn ní Sùúrùlérè ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Èmi náà ò kúrò nínú ẹ̀sìn. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ìfẹ́ tí mi ò lè kà tán, èmi fúnra mi pàápàá mọ̀ ọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ò ju ohun tí arábìnrin wa rò pé a ní lọ: kí ara ẹni kan yá, kí inú àwọn ará rẹ̀ dùn. Ìyẹn náà la ò lè ṣe.