Ìgbà Tí Àjọ Aláìsàn Agboolé Wa Tú

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé, tí wọ́n ń rán mi lọ pọn omi ní ẹ̀rọ Bẹ́yẹrunkà, kò sí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, kì í jókòó sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àpótí pákó kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ jẹun nínú agboolé, lọ́kùnrin lóbìnrin, á fi nǹkan sínú rẹ̀ kó tó wọlé. Àjọ aláìsàn là ń pè é. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá ló ń dá a, ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá ló ń kó o.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ o. Tipátipá ni. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́, Mọ́gàjí ò ní bú u, á kàn ní kó wá jókòó ti òun níbẹ̀ kí gbogbo ayé máa wò ó. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé nǹkan ńlá ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ara àbúrò mi gbóná tí gìrì gbé e, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì pẹ́ tó padà wá ń fa ẹ̀kọ mu. Kò sẹ́ni tó ta aṣọ láti fi san owó ìtọ́jú rẹ̀.

Alápatà kan wà nínú agboolé wa. Géńdé ọkùnrin ni. Á gbé odidi itan màlúù lé èjìká gun òkè Mápó, kò ní sinmi lọ́nà. Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé bó bá ti ń bọ̀ láti ọjà ló ń pín eegun tó lẹ́ran lára fún wa. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó dúró níwájú Mọ́gàjí, kò ki ọwọ́ bọ àpò. Mo wà lẹ́bàá ògiri, mò ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ibà ò dá mi dúbúlẹ̀ rí. Mi ò lè máa dá àjọ tí mi ò ní kó."

Mọ́gàjí ní, "Àdúà wa náà ni pé kí o má kó o."

"Ṣé ẹ fẹ́ fipá gbà á lọ́wọ́ mi ni?"

Bàbá ti darúgbó lásìkò yẹn. Ó wo ọkùnrin náà títí, ó wá ní kó máa lọ. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tó di Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn káfíńtà tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ ò dá a mọ́. Wọ́n ní ara àwọn náà le. Àwọn tó ń ta aṣọ ní Ògùnpa tẹ̀ lé wọn. Kó tó di ìgbà ọyẹ́, àwọn arúgbó, àwọn aboyún àti àwọn tí ikọ́ ń dà láàmú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù, àwọn tó jẹ́ pé kíkó ni tiwọn. Wọ́n kó o títí àpótí fi gbẹ. Mọ́gàjí gbé e wọ yàrá lọ.

Ìyá mi ò yọ ọwọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wọ agboolé ní ìyàwó ló ti ń dá àjọ yẹn, kò sì kó o fún ara rẹ̀ rí. Ọṣẹ dúdú ló ń tà ní Bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni inú rírun ti mú un lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí àpótí ti gbẹ, lápá ọ̀tún. Wọ́n fún un ní àgbo, ó bì í. Nígbà tí kò lè nàró mọ́, alápatà yẹn gan-an ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ, tó sáré gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kíákíá, àmọ́ wọ́n ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sanwó. Alápatà tú gbogbo àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn, kò tó. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ahun kankan ò sí nínú wọn, kálukú ló mú wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kó owó jọ, àìsàn ò dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ìfun ti bẹ́ sí i nínú. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú.

Alápatà jókòó sínú ilé ọ̀fọ̀, kò jẹ, kò mu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní mo mọ̀ ni."

Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Kò sẹ́ni tó mọ̀. Torí ẹ̀ la ṣe ń dá a."

Ọkùnrin yẹn dàgbà, ó darúgbó, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Òótọ́ ló sọ nípa ara rẹ̀.

Mo ti ju ọjọ́ orí Mọ́gàjí ìgbà yẹn lọ báyìí. Láìpẹ́ yìí, èmi àti ọmọ ọmọ mi tó ń gun ọ̀kadà ní Bẹẹrẹ jọ ń gbọ́ rédíò. Wọ́n ń jiyàn lórí ètò adójútòfò ìlera, tí kálukú á máa dáwó sí kí àìsàn tó dé, bóyá kí ìjọba sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ náà ní, "Màmá, ara mi le. Kí wọ́n fi mí sílẹ̀." Mo sọ ìtàn yìí fún un.

Ó ní, "Màmá, ìṣojú gbogbo yín ni àpótí Mọ́gàjí wà. Ti ìjọba ńkọ́, ta ló ń rí i? Tíṣà ilé kejì ní káàdì adójútòfò. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣánlẹ̀, ṣé wọn ò sọ fún un lọ́sibítù pé kò sí oògùn, kó lọ rà á níta?"

Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí ó di dandan, nítorí pé mo rí bí ó ṣe rí nígbà tí kò di dandan mọ́. Àmọ́ mi ò lè pe ọmọ náà lópùrọ́.

Ayé ti yàtọ̀ púpọ̀. Ọsibítù ti pọ̀, dókítà ti pọ̀, àìsàn tó pa ìyá mi ti di ohun tí wọ́n ń wò tí èèyàn á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá kanlẹ̀kùn mi, wọ́n ń kó owó jọ láti ojúlé dé ojúlé fún obìnrin àdúgbò wa kan tó wà lọ́sibítù, tí àwọn dókítà ò tíì fọwọ́ kàn nítorí owó. Mo mú tèmi wá. Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ni mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má dúpẹ́, kí wọ́n máa sáré lọ.