Ìwádìí Mi Nípa Bùlgáríà

Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Bùlgáríà. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí kò gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀kan lọ́hùn-ún gbà á, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn àlejò. Ó ní ìparí oṣù ni wọ́n ń retí èsì òun. Mo ní màá kọ́kọ́ wádìí.

Nílé tiwa, a kì í fọmọ fún ìdílé tí a kò wádìí. A máa ń béèrè bóyá wọ́n ń jà, bóyá àìsàn kan wà nínú ẹbí. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi nípa odidi orílẹ̀-èdè, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tó bá lè rẹ́ni jẹ nínú ata lè rẹ́ni jẹ nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí Rye Lane ní Peckham níbí, ọmọ Bùlgáríà ni obìnrin tó ni ín, ọjọ́ orí wa ò sì jìnnà síra. Mo ra tàtàṣé tí wọ́n sun, tí wọ́n dì sínú ìgò. Mo lọ̀ ọ́, mo fi se ọbẹ̀. Kò kan, kò lómi jù. Ọmọ mi jẹun tán, ó ní, "Mummy, ṣé mo ti lè máa di ẹrù?" Mo ní ìgò kan kò tó ẹ̀rí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra wàràkàsì wọn. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Mo sọ fún ọmọ mi pé mo ti rí àléébù kan.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, yunifọ́ọ̀mù ọsibítù ṣì wà lọ́rùn mi. Obìnrin náà béèrè ìdí tí mo fi máa ń ka ẹ̀yìn ìgò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ ìjọba tó ń di tàtàṣé yẹn. Ìjọba ló ń sọ iye ìgò tí wọ́n máa dì, ọkọ̀ ojú irin á wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ó dùn. Nígbà tí ìjọba kọ́múníìsì yẹn ṣubú, ọkọ̀ ò wá mọ́. Ilé iṣẹ́ náà tì pa títí ẹnì kan fi rà á, tó pààrọ̀ ìgò.

"Ata náà ò burú rí," ó ní. "Àwa la ò mọ oníbàárà wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ẹni tó ń rajà lè ní òun ò fẹ́."

Mo béèrè nípa àwọn dókítà. Ó ní wọ́n kọ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹnubodè ṣe ṣí, wọ́n lọ. Ọmọkùnrin òun kan ṣoṣo wà ní Jámánì. "Àwọn ọmọ wa lọjà wa tó kọ́kọ́ yá. Ní báyìí, à ń ta àga tí wọ́n fi sílẹ̀ ní yunifásítì fún ọmọ yín. Kí ni orílẹ̀-èdè tiyín ń tà síta?"

Mo ní epo rọ̀bì àti kòkó.

Ó wo yunifọ́ọ̀mù mi. "Ìyẹn nìkan?"

Mo sanwó ìgò tó wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó ń dùn mí gan-an: ta ni yóò máa wo ọmọ mi lọ́hùn-ún? Ó ní ìyá òun ń gbé nílùú tí yunifásítì náà wà, yàrá ọmọ òun nílé wọn sì ṣófo.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo mú ọmọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, obìnrin náà sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù kí a lè ríra. Ìyá àgbà náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mi orí kí wa, wọ́n sì gbé fóònù lọ sínú yàrá. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì hàn wá, wọ́n fi hítà hàn wá, wọ́n wá fa kọ́tìnì. Irin wà lójú fèrèsé. Wọ́n dì í mú, wọ́n mì ín kí n lè rí i pé kò yẹ̀. Mi ò tíì béèrè bóyá olè lè wọlé.

Ọmọ mi rọra sọ fún mi pé, "Mummy, ẹ ti rí ẹlẹgbẹ́ yín."

Mo ní kí obìnrin náà bá mi bẹ ìyá rẹ̀ kí wọ́n mì ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n mì ín. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó fún yunifásítì náà lésì, kó ní òun ń bọ̀.